Ìwé Bupá Tí Mo Kà Nílé Ọkọ

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún lónìí tí a ti sin ìyáálé mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó síbì kan. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Láàárọ̀ yìí nìkan, mo ti gbé ìkòkò omi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ sábẹ́ fèrèsé, mo sì ti gbé e padà. Mo ti ṣa ẹ̀wà tí kò sí òkúta kankan nínú rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ara ó sinmi." Mo ní kò rẹ̀ mí. Ó ní, "Mi ò sọ pé ó rẹ̀ yín." Ni mo bá gba ìwé kàyé ọmọ-ọmọ mi kan tó ṣẹ́ku ewé díẹ̀, mo gba bíìkì ìkọ̀wé, mo wá sábẹ́ igi ọsàn.

Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi kàwé. Ẹni tó bá rí àṣìkọ níbí, kó fojú fò ó. Ohun tí mo fẹ́ kọ kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ, lẹ́tà mẹ́rin, tí kò tilẹ̀ lè dá dúró. Àwọn Faransé máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Anti ni.

Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn Faransé ti ń ṣèjọba, ni mo ti kọ́ ọ. Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé níbẹ̀, ó mú mi sọ́dọ̀ kí n máa bá a gbé ọmọ, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ fàdá sì ní ọmọ tó bá wà lábẹ́ òrùlé òun gbọ́dọ̀ mọ ìwé. Mo ti dàgbà jù nígbà náà. Àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kò ga kọjá èjìká mi. Obìnrin ẹlẹ́sìn kan ló ń kọ́ wa, òyìnbó ni, aṣọ funfun bo orí rẹ̀ dé etí. Masẹ́ẹ̀ ni a ń pè é. Ìgbà tí ó ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó ni anti wọlé. Ó lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri: ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè àwòrán náà gùn bí ọkọ̀ ojú irin. Antialcoolique.

Masẹ́ẹ̀ fi ọ̀pá gé e sí méjì fún wa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí rẹ̀, ó wá ku anti. Ó ní ti àwọn Giríìkì ni, àwọn ará àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbé létí òkun, tí wọ́n ti kú tipẹ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò bá wọn kú. Ó ní ohun tó túmọ̀ sí ni nǹkan tó dìde sí nǹkan mìíràn, tó kọjú sí i, tó dí i lọ́nà. Alcool ni ọtí. Ohunkóhun tó bá ń bá ọtí jà, antialcoolique ni. Kíníìnì tí wọ́n ń fún wa mu fún ibà, antipaludique ni. Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ejò bù jẹ náà ní anti tirẹ̀.

Ó ní òfin rẹ̀ kò le. Kì í dá rìn. Ó lè lẹ̀ mọ́ orúkọ nǹkan, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ kì í yí padà, ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo, ìbáà ṣe ẹyọ kan tàbí ọ̀pọ̀. A kì í fi àlàfo sáàárín. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e bá fi lẹ́tà i bẹ̀rẹ̀, a ó fi ìlà kékeré là wọ́n, kí i méjèèjì má baà forí gbárí. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé kì í ṣe gbogbo anti ni anti. Antichambre, yàrá tí àwọn èèyàn ti ń dúró de kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, kò bá yàrá kankan jà. "Ṣáájú" ni ìyẹn túmọ̀ sí, ibòmíràn ló ti wá, aṣọ ló yá wọ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó jọ tiwa. Àwa náà ní oní, tí kò lè dá rìn, àfi kó bá ilé pàdé kó di onílé. Ṣùgbọ́n tiwa a máa pààrọ̀ aṣọ: bó bá bá ẹja pàdé, ẹlẹ́ja ni, bó bá bá aṣọ pàdé, aláṣọ ni. Tiwọn kì í pààrọ̀. Bí mo bá ń pọn omi, mo máa ń lẹ anti mọ́ gbogbo nǹkan tí ojú mi bá rí lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún. Nígbà tó di ọdún kẹta, bàbá mi ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá mi padà, ọkọ ti wà. Ìwé mi parí síbẹ̀.

Ìfọ̀nyìn, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ifangni, ni wọ́n ti gbé mi níyàwó. Mo bá ìyáálé nílé. Ó tó ọdún mẹ́wàá tó fi jù mí lọ, kò sì tíì bímọ. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé ẹni tí kò bímọ a máa korò. Kò korò rárá. Ọkọ wa ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ àwọn Faransé ní ọ̀nà Pọbẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé, nítorí náà àwa méjèèjì ni a jọ ń fún epo, tí a jọ ń pa ẹ̀kùrọ́, tí a jọ ń sá fún ẹnu ìyá ọkọ. Lọ́dún kejì, Ọlọ́run ṣe é, oyún rẹ̀ àti tèmi jọ hàn. Ó bí obìnrin. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ mo bí ọkùnrin. Ọyàn tó bá sún mọ́ wọn ni wọ́n ń mu.

Ní ọjọ́ kan tí a ń pa ẹ̀kùrọ́, ó bi mí pé, "Kí tiẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ ní Àjàṣẹ́?"

Mo kọ́ ọ ní anti. Ó rẹ́rìn-ín títí òkúta fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. "Ìyàwó, wá gbé igi yìí rù mí, àbí o ti di anti-iṣẹ́?" Bí ìyá ọkọ bá ní ọbẹ̀ ta jù, ó di anti-ata. Nígbà tí ọkọ wa wálé tó sùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyáálé yọjú sí mi láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Anti-ìyàwó ti dé o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò lè máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá."

"Ta ni kò jẹ́? Ṣebí ìwọ lo ní àwọn tó ni ín ti kú."

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọmọ ń sún mọ́ ọdún méjì, a gbọ́ pé Olóde ti wọ Banigbé, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Àìsàn tó máa ń da kókó sí ènìyàn lára ni, láti ojú dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí lóde mọ́ báyìí. A kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an; Olóde ni a ń wí, tàbí Ọba. A kì í sì kà á sí ọ̀tá. Àlejò ńlá ni. Bó bá ya ilé rẹ, omi tútù ni wàá fi pàdé rẹ̀. Bó bá mú ẹnì kan lọ, wàá ní o dúpẹ́, o ò gbọdọ̀ sunkún, nítorí ẹni tó bá sunkún, ó ní kí ó padà wá ni. Ìyá ọkọ wa ló ń bọ ọ́ nílé wa. Òun náà ló sì ń sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé: á fi abẹ kékeré la ara, á fi oògùn ra á.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni gáàdì kan tó ń jíṣẹ́ fún kọ̀máńdà mú ìwé kan wá fún olórí ìlú, olórí ìlú sì fi ránṣẹ́ yí gbogbo agbo ilé ká. Ìdí èbù, níbi tí a ti ń tẹ epo, ni mo wà nígbà tí wọ́n ní kí n wá. Mo fi eérú fọ ọwọ́. Àwọn àgbà ti jókòó sí ìta: baálé ilé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ìyá ọkọ mi, àti àwọn ọkùnrin méjì mìíràn. Mo kúnlẹ̀.

Baálé ní, "Ìyàwó alákọ̀wé, gbà. Kí ni bébà yìí wí?"

Mo kọ́kọ́ kà á ní Faransé, sókè, bí ẹni pé Masẹ́ẹ̀ dúró lẹ́yìn mi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Ẹyẹ ẹ̀gà ti wọlé wa o."

Baálé ní, "Dákẹ́, jẹ́ kó túmọ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Wọ́n ní dọ́kítà ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, lábẹ́ igi ọjà. Kí gbogbo ilé kó ọmọ wá fún vaccination antivariolique."

"Kí nìyẹn?"

Ká ní mo sọ pé oògùn ọmọdé ni, ì bá parí síbẹ̀. Ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bupá ni, èmi náà ti gbà á rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ilé náà, kò sí ẹni tó bi mí ní ohun kan tí mo mọ̀, yàtọ̀ sí ìyáálé mi tó ń fi í ṣeré. Mo nà tán lórí eékún mi. Mo gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì fún wọn.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀. Ti ẹ̀yìn yẹn ni, ẹ forí jì mí, àlejò tó wà ní Banigbé. Ti iwájú ni anti. Anti ni ohun tó bá dìde láti bá nǹkan jà. Oògùn tí ń gbógun ti Ọba ni."

Ìyá ọkọ mi dìde, ó bu omi nínú àmù, ó dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Omi tútù o. Ẹ má gbọ́ o, Bàbá. Ọmọdé ló sọ̀rọ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Ta ló fẹ́ gbógun ti onílẹ̀? Ìwọ ni?"

"Ìyá, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìwé ni ọmọ mi gbé níyàwó?"

Ọkùnrin tó pe mí ní ẹ̀gà ní, "Wọ́n kó ọmọ wa lọ lọ́jọ́sí, wọ́n ní kó lọ bá Jámánì jà. Jámánì ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ní báyìí wọ́n ní ká wá kó ọmọ ọwọ́ jáde kó lọ bá Olóde jà."

Baálé gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi há abẹ́ ẹní rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ ọjà náà, gbogbo ilé ló ń lọ sóko wa ní ọ̀nà Ko-Koumolou, tọmọdé tàgbà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà sílé títí òrùn á fi rẹlẹ̀.

Mo padà sídìí èbù. Ìyáálé ń tẹ ẹyìn, epo dé orúnkún rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ojú àpá tó wà lápá rẹ yẹn, kí ló ṣe é?"

"Òun náà ni. Ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe é fún wa."

"O ò sì kú."

"Mi ò kú."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Irin pínníṣín kan ni, bí ẹnu kálámù. Wọ́n á fi ha apá, wọ́n á kán oògùn sí i."

Ó dúró. "Wọ́n á fi irin ha ara, wọ́n á fi oògùn sí i. Gbẹ́rẹ́ nìyẹn."

"Kì í ṣe gbẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ pé gbẹ́rẹ́ ni? Ta ló ń sá fún gbẹ́rẹ́ nílé yìí? Ìyá wa ì bá ti kọ́kọ́ gbé apá tirẹ̀ sílẹ̀."

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí títí. "Anti-ọgbọ́n," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, ó tọ̀ mí wá níbi tí mo ti ń sá gbágùúdá. Ó ní, "Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ ò balẹ̀. Ó wà lójú rẹ. Bí a bá ń lọ sóko lọ́la, èmi ni Ìyá máa di ẹrù lé lórí, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára mi. Ìwọ lo lè yọ́ padà. Bá mi mú ọmọ mi dání. Pọn ọ̀kan, gbé ọ̀kan."

Mo ní, "Bí wọ́n bá rí mi ńkọ́? Wọ́n á lé mi lọ."

"Wọ́n á bú ọ. Èébú kì í pa ni."

"Èmi náà ò ní lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè ṣe é."

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò bí ẹni ń yẹ ẹ̀wà wò. Lóòótọ́, nígbà tí mo sọ ọ́, mi ò ní in lọ́kàn láti lọ. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé irọ́ ni.

Lójú ọ̀nà oko, a pàdé àwọn kan tí wọ́n ń sá bọ̀ láti ọ̀nà Banigbé, ẹrù lórí wọn. Obìnrin kan nínú wọn pọn ọmọ, ó fi aṣọ bo ọmọ náà látòkè délẹ̀. Eṣinṣin ń tẹ̀ lé aṣọ náà. Mo dúró, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo gbàgbé ọ̀bẹ gbágùúdá sílé."

Ìyá ọkọ mi ní, "Orí ẹ náà ńkọ́, ṣé o rántí gbé e wá? Yára."

Ìyáálé mi wà níwájú, ẹrù lórí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kọ apá ọ̀dọ̀ mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju kí n ní, "Ẹ jẹ́ n gbà á, kí ẹrù má baà wúwo jù fún yín." Ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ṣebí a máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wa. Mi ò sọ ọ́. Mo yí padà, mo sì ń sáré, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi nítorí ó rò pé eré ni.

Èèyàn kò pọ̀ lábẹ́ igi ọjà. Dọ́kítà náà kì í ṣe òyìnbó; Yorùbá Àjàṣẹ́ ló ń sọ. Ó ha apá ọmọ mi, ó kán oògùn sí i, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọ náà ò tíì parí ẹkún tí iṣẹ́ fi parí.

Ó bi mí pé, "Ìwọ nìkan lo ti agbo ilé yẹn wá?"

"Èmi nìkan."

"Ṣé kò sí ọmọ kékeré mìíràn níbẹ̀ ni? A lè dúró díẹ̀."

Mo ní, "Kò sí."

Títí dòní mi ò mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé bí mo bá ní ó wà, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n máa ní kó lọ mú un wá. Ó ní lọ́la wọ́n á wà ní Banigbé, lẹ́yìn náà wọ́n á kọjá sí Sákẹ́tẹ́.

Nígbà tí mo dé oko, ìyá ọkọ mi ní, "Ọ̀bẹ náà dà?" Mi ò mú ọ̀bẹ kankan bọ̀. Mo ní mi ò rí i. Ìyáálé mi tẹ̀ba, ó tú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà láti àárọ̀. Ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó di ọjọ́ kẹrin, ibi tí wọ́n ti ha apá ọmọ mi yọ kókó, ó sì kún fún omi. Mo fi aṣọ dì í. Ṣùgbọ́n ìyáálé ló máa ń wẹ àwọn ọmọ méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́, ó tú aṣọ náà.

"Kí ló ṣe é lápá?"

"Epo gbígbóná ló ta sí i."

Ó ní, "Epo." Ó wẹ̀ ẹ́ yí ibẹ̀ ká, kò jẹ́ kí omi kàn án. Ó nù ún gbẹ. Ó gbé ọmọ tirẹ̀ sínú ọpọ́n, ó ń bu omi sí i léjìká díẹ̀díẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn alábẹ́rẹ́ ọjọ́sí, ibo ni wọ́n wà báyìí?"

"Mo gbọ́ pé Banigbé ni wọ́n lọ."

Mi ò fi kún un pé wọ́n á ti kọjá lọ sí Sákẹ́tẹ́. Bóyá mo gbàgbé. Bóyá ojú ló ń tì mí láti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ò rí i. Ó ti pọn ọmọ rẹ̀ gba Banigbé lọ, láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Eruku dé ìbàdí rẹ̀. Kò bá wọn mọ́. Ó ní òun tọrọ omi nílé kan níbẹ̀, wọ́n fún òun, ọmọ náà sì mu. Ìyá ọkọ wa bú u bí ẹni ń lu ìlù, ó jókòó ó ń gbọ́. Mi ò lè wò ó. Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá ibi tí mo ti gbá.

Ibà mú ọmọ náà lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjìlá. Nígbà tí kókó yọ, wọ́n ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e lọ sí ahéré kan lẹ́yìn ilé. Ìyá ọkọ mi ló tọ́jú rẹ̀, tọ̀sán tòru. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìyáálé mi ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ó máa ń jókòó sítòsí ahéré náà, ó ń sọ̀rọ̀ sí ògiri rẹ̀. Ọmọ mi ń bá erùpẹ̀ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí ẹní kan náà ni òun àti ọmọ tó wà ní ahéré ti ń sùn, kò tilẹ̀ húkọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi jáde, ó ní, "Ẹ dúpẹ́."

Baálé ní, "A dúpẹ́."

Gbogbo ilé ní a dúpẹ́. Wọ́n yíjú sí ìyáálé mi. Ó ní, "Mo dúpẹ́." Wọ́n ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ń bọ Olóde ló sin ọmọ náà sí igbó, wọn ò fi ojú ibẹ̀ hàn án. Lọ́jọ́ yẹn náà ló padà sídìí èbù. Ó tẹ ẹyìn títí èèpo fi rọ̀ kúrò lára ẹ̀kùrọ́. Mo dúró tì í, mi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ mi sí. Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ mi sókè, ó ní Ọba fẹ́ràn ọmọ yìí, kò fọwọ́ kàn án. Ìyáálé mi gbójú sókè, ó wo apá ọmọ náà, ó wò mí, ó tún tẹ orí ba.

Kò bi mí. Ọdún yí po, kò bi mí. Kò tún bímọ mọ́. Mi ò sì gbọ́ anti lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láé.

Àwọn Faransé ṣì wà nígbà tí ìwé mìíràn dé, ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ìwé náà, ọ̀rọ̀ gígùn yẹn tún wà níbẹ̀. Ìyáálé mi tẹ̀ lé mi jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó fi bo ìwé náà.

Ó ní, "Bàbá, gbẹ́rẹ́ ni. Irin kékeré ni wọ́n ń fi sín in, wọ́n á fi oògùn sí i. Ẹni tí Olóde bá rí gbẹ́rẹ́ náà lára rẹ̀, á mọ̀ pé ó ti kí òun."

Ìyá ọkọ mi ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ fún obìnrin yẹn pé kò mọ ohun tó ń wí. Lọ́jọ́ ọjà, gbogbo ilé wa tò lọ sábẹ́ igi. Ìyá ọkọ mi ló síwájú. Nígbà tí wọ́n ha á lápá tán, ó wo ojú ibẹ̀, ó sọ fún dọ́kítà pé, "Ọwọ́ yín ò dáa. Tèmi jinlẹ̀ ju báyìí lọ." Dọ́kítà ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyáálé mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo lọ dúró sẹ́yìn igi.

Ìyáálé mi ló tọ́ ọmọ mi. Ìyá ni ọmọ náà ń pè é. Èmi, orúkọ ìnagijẹ tí òun fún mi ló ń pè mí. Ọmọ náà di olùkọ́ níkẹyìn. A jọ sin ọkọ wa. A jọ di arúgbó. Ní oṣù méjì tó gbẹ̀yìn, èmi ni mò ń wẹ ìyáálé mi. Lọ́jọ́ kan, mo ń bu omi sí i léjìká, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ." Ó ní, "Omi yìí tutù. Fi gbígbóná kún un." Mo lọ bu omi gbígbóná. Nígbà tí mo fi padà dé, ọ̀rọ̀ náà ti padà lọ sí ibi tó ti ń gbé.

Ó kú láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Ohun tó ń lé mi kiri nìyẹn.

Lánàá, mo pe ọmọ mi, mo sọ fún un. Orí òun náà ti funfun. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe ka ìwé, bí mo ṣe sá padà, bí mo ṣe ní kò sí ọmọ mìíràn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo ojú àpá náà.

"Kì í ṣe epo."

"Kì í ṣe epo."

"Ìyá náà sọ fún mi pé epo ni. Mo bi í nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní òun wà níbẹ̀ nígbà tó ta sí mi, pé òun lòun gbàgbé ìkòkò lórí iná, kí n má bínú sí yín."

Mo fẹ́ dìde, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ náà, kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wà ní ilé yẹn, títí kan ti gáàdì tó mú ìwé wá. Ti ọmọ yìí, a kò pè é mọ́ láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nítorí ẹni tí Olóde bá mú lọ, a kì í pè é. Mo pè é fún un. Kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè.